Ìjàpá, Òjé àti Àpáta Ẹ̀yìn Hostel

Láti ìgbà tí a ti gbé fọ́tò Ìjàpá síta, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń bi wá: kí ló dé tí ẹ fi ń lẹ òjé mọ́ táyà ọkọ̀ ìṣeré? Ṣé kì í ṣe pé kó fúyẹ́ ló yẹ kí ẹ máa wá ni? Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi jókòó kọ èyí.

Fún ẹni tí kò tíì rí i, Ìjàpá ni ọkọ̀ tí à ń fi rímóòtù darí, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní rock crawler. Ìdá kan nínú mẹ́wàá jíìpù gidi ni. Kò lè sáré; ẹni tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀ yóò kọjá rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi táyà rírọ̀ rọra gun òkúta, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa tó wà ní Houston ló fi àlòkù rẹ̀ ránṣẹ́. Òkúta kò sì wọ́n ní Abẹ́òkúta. Àpáta kan wà lẹ́yìn hostel wa tí kò ga ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ó ní ibì kan tó dà bí àtẹ̀gùn. Bí Ìjàpá bá gbé táyà iwájú lé ibẹ̀, imú rẹ̀ á kọjú sí ọ̀run, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, á sì fẹ̀yìn lélẹ̀ gbàà.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ owó. Bí ó bá já lulẹ̀ nígbà tí táyà ṣì ń yí, tí táyà náà wá kan ilẹ̀ lójijì, shaft tó wà nínú axle á ṣẹ́. Méjì ti ṣẹ́. Ẹyọ kan péré ló kù nínú páálí. A ò rí ẹni tó ń tà á nítòsí, dọ́là la ó fi rà á, a ó sì dúró de arìnrìn-àjò. Bí èyí tó kù yìí bá lọ, Ìjàpá di ohun ọ̀ṣọ́ orí tábìlì nìyẹn.

Àwọn kan nínú wa ní ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù èyí lọ ni ká dáwó rà. Àwọn yòókù ò gbà. Ọkọ̀ tó ń dà sẹ́yìn kò ṣaláìní agbára; bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń tì í gan-an ló ń gbé imú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Àríyànjiyàn náà gba alẹ́ méjì.

Ẹ wò ó báyìí. Gbogbo ohun tó wúwo ló ní ojúkò kan tí a lè kà á sí pé gbogbo ìwúwo rẹ̀ gbárajọ sí. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, níwọ̀n ìgbà tí ojúkò yìí bá ṣì wà níwájú ibi tí táyà ẹ̀yìn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò séwu. Bó bá ti kọjá orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó parí. Nítorí náà ohun méjì là ń wá: bí ojúkò náà ṣe jìnnà sí táyà ẹ̀yìn tó, àti bó ṣe ga sílẹ̀ tó. Ẹ fi ìkejì pín àkọ́kọ́, tan tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì á sọ dígírì tó máa dà fún yín. Àwọn aláàárù mọ èyí láìṣí tan kankan. Ẹ sì wo ọkọ̀ ńlá tó ru iṣu kọjá orí dírẹ́bà, bó ṣe ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà.

A yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń ṣe kéèkì tà (ó ní bí gíríìsì bá kàn án, àwa la ó ra tuntun). A gbé táyà iwájú lé òṣùwọ̀n, a gbé ti ẹ̀yìn lé ìwé tó ga tó o, a sì yí i padà. Iwájú 1,250 gíráàmù, ẹ̀yìn 1,250. Lẹ́yìn náà a gbé e lé pákó, a kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdí táyà ẹ̀yìn kó má bàa yọ̀, a so fóònù mọ́ pákó kó máa ka dígírì, a sì ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ní 57 dígírì, táyà iwájú gbéra. Láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn jẹ́ 313 mìlímítà. Bí a bá ti ibẹ̀ ṣírò padà, ojúkò ìwúwo Ìjàpá ga tó nǹkan bí 100 mìlímítà sílẹ̀.

Àwọn tó mọ eré yìí máa ń fẹ́ kí nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo wà níwájú. Bí a bá kàn ti ẹrù síwájú bẹ́ẹ̀, 57 á di 62. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gòkè á sọ̀ kalẹ̀: ní ìsọ̀kalẹ̀, orí táyà iwájú ni yóò dà sí, ojúkò náà sì ti sún mọ́ ọn báyìí, 57 ti ìsọ̀kalẹ̀ á di 51. Ó wá ku gíga. Bí a bá rẹ ojúkò náà sílẹ̀ láti 100 sí 80, gígùn òkè á di 67, ìsọ̀kalẹ̀ á sì padà sí 57 gẹ́lẹ́. Gbèsè tí títì síwájú jẹ, rírẹ̀sílẹ̀ ló san án. Lẹ́yìn tí a rí èyí lórí ìwé, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹ́ńjìnnì.

Ohun tó wà lórí la kọ́kọ́ yọ: agbọ̀n ẹrù orí òrùlé àti sípíà táyà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn, nǹkan bí 200 gíráàmù. Ó dùn wá, torí àwọn ló jẹ́ kó jọ jíìpù gidi. Bátìrì kúrò láàárín, ó lọ sórí axle iwájú, ó sì sún mọ́ ilẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ni òjé. Ní Amẹ́ríkà, idẹ ni wọ́n ń rà, wọ́n ti rọ ọ́ ní ìwọ̀n axle àti rímù, torí idẹ fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta wúwo ju alumíníọ̀mù lọ. Àwọn tó ń fi jíìpù gidi gun àpáta lọ́hùn-ún tilẹ̀ ń bu omi sínú táyà iwájú fún ìdí kan náà. Owó idẹ náà kò ṣeé gbọ́ sétí. Òjé wúwo jù ú lọ, fọkanáísà ìta géètì sì ní i lọ́pọ̀, àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ rímù kí ọkọ̀ má bàa gbọ̀n lórí eré. Ó bi wá irú ọkọ̀ wo ni. Nígbà tí a fi hàn án, ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì fún wa ní àlòkù lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbáà ṣe ibi yòówù kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ nínú rímù, tiwa kò ní gbọ̀n, torí kò mọ eré sá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ inú rímù, tí kì í ṣe abẹ́ ọkọ̀? Abẹ́ ọkọ̀ jókòó lórí síríngì. Bí ọkọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹrù ibẹ̀ á bá a fì. Ẹrù inú táyà kò bá a fì. A fi 150 sínú rímù iwájú kọ̀ọ̀kan, 75 sínú ti ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, a sì so idẹ àlòkù 150 mọ́ axle iwájú. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ gbìyànjú, májèlé ni òjé o: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má ṣe yọ́ ọ lórí iná, ẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun.

Òṣùwọ̀n ka 1,750 níwájú, 1,150 lẹ́yìn. Pákó ka 66, kì í ṣe 67. Síríngì ẹ̀yìn tó ń rì ló jẹ ẹyọ kan yẹn, ó dá wa lójú.

Ní àpáta, ẹni tó ni ẹ̀gbọ́n ní Houston ló di rímóòtù mú, àwa yòókù na ọwọ́ sílẹ̀ bí agbẹ̀bí. Ó gbé táyà iwájú lé àtẹ̀gùn náà, táyà yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òjé kò lè sọ táyà gbígbó di tuntun, ìyẹn yàtọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ó di òkúta mú. Imú gòkè, a dákẹ́, kò dà. Táyà ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, ó sì dé orí. Ariwo tí a pa mú kí pọ́tà yọjú. Bí a ṣe darí rẹ̀ padà pé kó sọ̀ níbi kan náà, ìdí rẹ̀ gbéra díẹ̀, ó sì padà sílẹ̀.

Shaft kẹta ṣì wà nínú páálí. Àmọ́ servo tó ń yí táyà iwájú ti ń ké, torí ẹrù rímù wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn ẹlẹ́ńjìnnì sì ti rí nǹkan sọ. A ti ń jíròrò bóyá ká dín 150 náà kù sí 120, tàbí ká fi owó ẹ́ńjìnnì tí a kò rà ra servo tó lágbára. Àǹtí ẹnì kan ń bọ̀ láti Houston ní December.