Bí Mo Ṣe Dé Ilé Ọ̀rẹ́ Mi

Ọmọ Ẹ̀fìrẹ̀ ni mí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, ṣùgbọ́n mo ti kọjá ẹni 50 ọdún kí n tó wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orí ilẹ̀ ni ilé wa wà, oko kòkó ni bàbá mi ń ṣe. Àwọn ará etí ọ̀sà ni wọ́n mọ omi.

Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jókòó lórí àga gbọọrọ kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí. Ní ọjọ́ tí a parí ìdánwò àṣejáde, mo ṣe ìlérí fún un pé n ó wá kí i nílé. Ọdún 30 kọjá. Iṣẹ́ ni mo máa ń fi ṣe àwáwí. Irọ́ ni, ẹ̀rù omi ni ó ń bà mí. Ní èṣí, ọ̀rẹ́ mi kú, n kò sì lè fi iṣẹ́ ṣe àwáwí fún ìyá rẹ̀.

Màkún-Omi ni ọmọ-ọmọ màmá náà ti pàdé mi, ọmọdékùnrin tí kò ju ọmọ ọdún 14 lọ. Ó wo bàtà mi, ó ní, “Ẹ bọ́ ọ, sà. Àárín gbùngbùn ni kí ẹ jókòó sí. Bí ọkọ̀ bá ń mì, ẹ má dìde, ẹ má sì di etí rẹ̀ mú.”

Mo ti kà nípa àwọn Māori ti New Zealand, tí wọ́n ń so igi kan tí í léfòó, tí wọ́n ń pè ní ama, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọn kí ó má baà dojú dé. Ọkọ̀ tiwa kò ní irú rẹ̀. Ìdí ẹni tí ó jókòó ni ama rẹ̀.

Ọ̀sà Lẹ́kkí tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú wa. Odò Ọ̀ṣun wà lára àwọn odò tí ń tú sínú rẹ̀. Koríko omi olódòdó àlùkò, tí ó wọ orílẹ̀-èdè wa ní nǹkan bí 1984, bo ibì kan pátápátá. Ọmọ náà gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ la àárín rẹ̀ kọjá. Bí a ti jáde ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan sáré kọjá. Nígbà tí ìgbì rẹ̀ dé, mo gbàgbé ẹ̀kọ́ mi, mo di etí ọkọ̀ mú. Omi ya wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ọmọ náà kò pariwo. Ó fi ara rẹ̀ sí òdì kejì, ó na igbá sí mi: “Ẹ máa gbọ́n ọn dànù, sà.” Mo ń gbọ́n ọn, mo sì ń gba àdúrà kúkúrú tí Pétérù gbà lórí òkun Gálílì.

Màmá ti dúró ní èbúté. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tútù. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, “Ó máa ń sọ pé o ń bọ̀.” Kò bèèrè ohun tí ó dá mi dúró. Ì bá sàn fún mi bí ó bá bèèrè.

Nígbà tí a ń padà, ọmọ náà gbé àjẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọkọ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbọ́ tèmi. Ó bi mí bóyá n ó tún wá. Mo ní n ó wá ní ọdún Àjíǹde.

Ó ní kí n wọ bàtà rọ́bà.