Islay: Erékùṣù Tí Èéfín Ti Di Owó

Bí ọkọ̀ ojú omi bá gbéra ní Kennacraig, ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì, bíi wákàtí méjì ni yóò lò lórí òkun kó tó gúnlẹ̀ sí Islay. Áílà ni àwọn onílé ń pè é. Létí omi, nítòsí èbúté Port Ellen, ilé funfun gàgàrà mẹ́ta wà tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ orúkọ sí lára: Ardbeg, Lagavulin, Laphroaig. Àlejò lè rò pé orúkọ abúlé ni. Rárá o, ilé ìpọntí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn èèyàn tó ń gbé erékùṣù yìí kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ilé ìpọntí tó wà níbẹ̀ tó mẹ́wàá. Wisikí ni wọ́n ń ṣe, irú èyí tí wọ́n ń pè ní síńgù mọ́ọ̀tì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkà báálì tí wọ́n mú hù nìkan ni wọ́n fi ṣe é, ilé ìpọntí kan ṣoṣo ló sì ti wá. Ní èdè àbínibí wọn, omi ìyè ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n sọ ọtí náà.

ILẸ̀ TÓ Ń JÓ

Igi kò pọ̀ ní Islay. Kí wá ni àwọn baba ńlá wọn fi ń dáná? Ilẹ̀ ni! Ilẹ̀ àbàtà ni, tí koríko àti ewéko ti ń kú sí láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Píìtì ni wọ́n ń pè é. Tí òtútù bá lọ, wọ́n á gé e bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á tò ó kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn gbẹ ẹ́. Tó bá gbẹ, ó ń jó wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Wọ́n á rẹ ọkà báálì sómi bí ọjọ́ méjì, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó hù, bí àwọn ìyá oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣe ń ṣe àgbàdo gẹ́lẹ́. Ní Laphroaig, Bowmore àti Kilchoman, ṣọ́bìrì ni wọ́n ṣì fi ń yí díẹ̀ nínú ọkà wọn lórí ilẹ̀ títí dòní. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dá iná píìtì sábẹ́ rẹ̀, èéfín á máa gba àárín ọkà kọjá bí ìgbà tí èèyàn ń yan ẹja. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á lọ ọkà náà, wọ́n á fi omi gbígbóná fa adùn rẹ̀ jáde, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i kó kan. Wọ́n á sè é lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò bàbà gàgàrà, wọ́n á gba òòru rẹ̀ bíi ti ògógóró. Síbẹ̀, èéfín ò ní kúrò ńbẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní èéfín nìwà, ríru ní í ru. Ìwà wisikí Islay nìyẹn.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ Laphroaig wò lè bèèrè pé ṣé ọtí ni àbí oògùn ọsibítù. Òórùn iodínì, ewé òkun àti eérú ló máa kọ́kọ́ kí i, kí adùn tó yọjú lẹ́yìn. Èéfín Ardbeg le, ṣùgbọ́n ó ń ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ti Lagavulin rọ̀, ó dùn bí èso gbígbẹ. Ti Bowmore kì í pariwo. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ní èéfín: ní Bunnahabhain, èyí tó pọ̀ jù nínú ọtí wọn kò fojú kan píìtì rárá.

Òfin ní kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́ta nínú àgbá igi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń lo ọdún mẹ́wàá, ti Lagavulin sì ń lo mẹ́rìndínlógún. Lọ́dọọdún, bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Wọ́n ní ìpín àwọn áńgẹ́lì nìyẹn.

OBÌNRIN TÓ WÁ FÚN OṢÙ MẸ́TA

Lọ́dún 1934, ọmọbìnrin kan láti Glasgow, Bessie Williamson, wá ṣiṣẹ́ ní Laphroaig. Ìwé ló wá ń tẹ̀ ní ọ́fíìsì, fún oṣù mẹ́ta péré. Kò padà mọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ náà láti orí ọkà dé orí àgbá, títí tí ọ̀gá rẹ̀, Ian Hunter, fi ń gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí Hunter kú lọ́dún 1954, obìnrin yìí ló jogún ilé ìpọntí náà, nígbà tí iṣẹ́ ọtí ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin pátápátá. Òun ló ń darí rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1972. Ẹ̀yin ìyá, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ dójú àmì, ta ló máa ní kó dìde?

NÍGBÀ TÍ ÀÀRÒ KÚ

Àmọ́ nǹkan ò fìgbà gbogbo dùn. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n pọn wisikí jù ní Skọ́tlándì, owó wá wọ́n, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mu sì yà sídìí ọtí tí kò ní òórùn. Ardbeg kógbá sílé lọ́dún 1981, Port Ellen tẹ̀lé e lọ́dún 1983. Ní erékùṣù kékeré, bí ààrò ilé ìpọntí kan bá kú, ààrò ọ̀pọ̀ ilé ló kú yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ ò lè jókòó máa wo òkun lásán.

Ohun tí aráyé sá fún náà ni wọ́n tún padà wá wá. Ọtí tó ti ń wọ inú àdàlù bí irú ṣe ń wọ inú ọbẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń mu ní òun nìkan. Ardbeg tún dáná lọ́dún 1989, ó tún kú lọ́dún 1996, àwọn mìíràn rà á lọ́dún 1997, kò sì tíì kú mọ́. Port Ellen ṣílẹ̀kùn lọ́dún 2024, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógójì!

Wàhálà ò tán ṣá. Àlejò pọ̀ débi pé ilé gbígbé ń wọ́n àwọn ọmọ onílùú lọ́wọ́. Píìtì náà kì í sáré hù: bíi mìlímítà kan ló ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dún, nítorí náà, èyí tó ga ní mítà kan á gbà tó ẹgbẹ̀rún ọdún. Ohun tí wọ́n gé lónìí, ọmọ ọmọ wọn ò ní rí arọ́pò rẹ̀.

Ní ìlú Bowmore, ṣọ́ọ̀ṣì róbótó kan wà lókè láti ọdún 1767. Àwọn onílùú ní wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kí Sátánì má rí kọ̀rọ̀ sá pamọ́ sí. Nísàlẹ̀, létí omi, ilé ìpọntí tó ti wà láti ọdún 1779 ló ń rú èéfín. Ilé àgbá kan tó jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀ ti di ibi ìlúwẹ̀ẹ́ fún gbogbo ìlú, ooru tí ilé ìpọntí kò lò ni wọ́n sì fi ń mú omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ tí kò tíì tó ẹni tí ń mu ọtí, tí kò sì ní mu ún láéláé, òun náà ń jẹ nínú iná ọtí ibẹ̀.