Kí ìwé tó dé làwọn tafàtafà wa ti ní ẹgbẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ fa àga jókòó.

Mo fẹ́ ṣe fídíò lórí ìtàn ẹgbẹ́ tafàtafà. Mo wá a títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, London ló ń gbé mi lọ ṣáá. Ọdún 1781 ni Sir Ashton Lever dá Toxophilite Society sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́, wọ́n ní orúkọ olùdásílẹ̀. Ó dáa, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ka ohun tí mo kọ, ó ní, "Àwa ò ṣáà ní irú ẹ̀ rí." Ibẹ̀ ni inú mi ò ti gbà á. Ọmọ Àjàgbà ni mí, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọmọ ọmọ ọdẹ.

Kí ló ń jẹ́ ẹgbẹ́ gan-an? Àwọn èèyàn tó ń pàdé, tó lólórí, tó lófin, tó ń kọ́ ọmọdé níṣẹ́. Ṣé ẹgbẹ́ ọdẹ ò ní gbogbo ìyẹn ni? Olúọdẹ wà lórí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe ìṣípà fún un, tí wọ́n á sun ìrèmọ̀jé. Kí ìbọn tó kárí ọwọ́, ọrun àti ọfà ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ẹ̀rí dà? Ó wà lẹ́nu wa. Ìbọn là ń yìn, ọfà là ń ta. Ìtàn ìlú Ọ̀fà ní Kwara sọ pé tafàtafà kan, Ọlálọmi, ló tẹ̀ ẹ́ dó, ọba wọn sì ń jẹ́ Ọlọ́fà dòní. Àwọn àgbà tún ní bí ọsán bá já, ọrun á di ọ̀pá. Ẹni tó ti fa ọrun rí ló lè pa irú òwe yẹn.

Bàbá àgbà mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ìbọn làwọn fúnra wọn fi ṣọdẹ, àmọ́ bàbá tiwọn ta ọfà. Wọ́n ní olúkúlùkù ló ń fín àmì tiẹ̀ sára ọfà, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ lórí ẹran. Ọfà tó bá kọ́kọ́ wọlé ló lẹran, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló máa jẹ níbẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ṣé òfin ẹgbẹ́ kọ́ nìyẹn?

Mo ti ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, wárawára ni wọ́n ń dárúkọ nǹkan: ọrun, ọsán, apó, oró. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n dé orí apó, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ń fọwọ́ júwe ẹ̀ léjìká. Mo ní, "Apó ni, Bàbá." Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹn-ẹ́n, apó. Ìwọ lo wá ń sọ fún mi báyìí." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ oorun ò kun ojú mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá wo Brazil. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ mú Ọ̀ṣọ́ọ̀sì dání, Oxóssi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọrun àti ọfà onírin ni àmì ẹ̀, wọ́n ṣì ń pè é ní "ofá". Pierre Verger kọ ìtàn kan tí wọ́n ń pa lọ́hùn-ún: lásìkò ọdún iṣu tuntun, ẹyẹ ńlá kan tí àwọn àjẹ́ rán bà sórí ààfin Ifẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn tafàtafà. Oxotogum dé, ó tàsé. Oxotogi dé, Oxotadotá dé, wọ́n tàsé. Oxotocanxoxô ló pa á.

Ẹ rọra pe àwọn orúkọ yẹn. Ogún ọfà. Ogójì. Àádọ́ta. Kan ṣoṣo! Lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn, lókè òkun, iye ọfà tí kálukú mú wá ṣì wà nínú orúkọ ẹ̀. Ìwé ìpàdé wo ló jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó wọ̀ mí lára. Ìyá ọlọ́fà kan ṣoṣo yẹn ló lọ rúbọ tí ọfà ọmọ ẹ̀ fi bá ẹyẹ láyà. Òun kọ́ ló fa ọrun, àmọ́ ìtàn ò yọ ọ́ sílẹ̀. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe dá ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ọdẹ ò kan obìnrin lóhùn.

Tafàtafà padà sínú Olympics ní 1972, mítà 70 ni wọ́n ń ta á báyìí. Bí ẹnì kan bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkálẹ̀ lọ́la, mo máa bá wọn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n má pè é ní àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fi apó pe apó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà ọdẹ nílé, ẹ pè wọ́n lónìí. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀gá tó kọ́ wọn, àti ẹni tó kọ́ ọ̀gá náà. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Dátà tẹ́ ẹ máa ná ò tó nǹkan.