Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Wo Eré ní Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwa tí a dàgbà ní Òrè kì í ka òwe yìí sí tiwa, nítorí ọ̀nà tó ti Ṣágámù lọ sí Bìní gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Gbogbo ayé ló ń kọjá níwájú wa. Ogun abẹ́lé pàápàá dé Òrè ní 1967. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Bìáfrà tó dorí kọ Èkó dúró. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́ nígbà èwe tèmi: eré orí ìtàgé.

Nígbà tí mo lọ kọ́ ìmọ̀ Yorùbá ní yunifásítì, tí mo sì ń bá àwọn eléré kiri, gbólóhùn kan ṣoṣo ni bàbá mi, oníṣòwò gẹdú ní Odìgbó, sọ: “Ṣé torí kí o lè di alágbe ni mo ṣe rán ọ níwèé?” A kò jà. A kàn pa ọ̀rọ̀ náà tì fún ọdún mẹ́rin. Bí mo bá wálé, iye owó pákó, òjò àti ọkọ̀ tó dànù lójú ọ̀nà ni a máa ń sọ.

Mo ti jáde, mo sì ti ń gbé ní Èkó, nígbà tí wọ́n wá ra irinṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó. Ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún eré orí ìtàgé Èkó, tí British Council dá sílẹ̀ ní 2013, ni ó bọ́ sí. Mo mú ọkàn le, mo ní, “Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ibì kan.”

Freedom Park ní Broad Street ni mo mú wọn lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ láyé àwọn òyìnbó amúnisìn. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn nígbà kan ti di orí ìtàgé.

Èkó nìkan kọ́ ló gbọ́n irú ọgbọ́n yìí. Ní Avignon, ìlú àtayébáyé kan ní ilẹ̀ Faransé, Jean Vilar bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún eré ní 1947 nínú àgbàlá ààfin tí àwọn póòpù gbé ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Títí di òní, oṣù keje ni àwọn ènìyàn máa ń wọ́ lọ síbẹ̀. Àwa náà kì í ṣe àjèjì sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Hubert Ògúndé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1945 kí ó lè fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́, Dúró Ládiípọ̀ sì gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964.

Bàbá mi jókòó. Pákó orí ìtàgé ni wọ́n kọ́kọ́ wò. “Wọn kò jẹ́ kí igi yìí gbẹ kí wọ́n tó kàn án,” ni wọ́n wí. Eré bẹ̀rẹ̀: opó kan, àna rẹ̀, àti onílù kan. Wọ́n ń du ilé tí òkú fi sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, bàbá mi tẹ̀ síwájú lórí àga. Bí àna náà ti búra pé òun kò rí ìwé ilẹ̀, wọ́n ké sókè: “Irọ́ ni!” Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń wò.

Níbi tí a ti ń jẹ súyà lẹ́yìn eré ni wọ́n ti sọ ọ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ọkọ̀ akẹ́rù àwọn eléré kan wọ Odìgbó tìlùtìlù. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n lò, wọ́n to bẹ́ǹṣì, wọ́n tẹ́ pákó lé e, wọ́n tan fìtílà gáàsì. Bàbá mi kò lówó ìwọlé, wọ́n bá gba ojú fèrèsé wọlé. Nígbà tí wọ́n délé lóru, bàbá-bàbá mi ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú pàṣán: ọmọ òun kò ní di alágbe.

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi rí?”

“O kò bi mí.”

Ìgbà náà ló yé mi pé ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí láti ọdún mẹ́rin kì í ṣe tiwọn. Wọ́n jogún rẹ̀ pẹ̀lú pàṣán ni. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ọ̀rọ̀ kan wà ní pípatì láàárín ẹ̀yin àti òbí yín, ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí etí ṣì lè gbọ́ ọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo sin wọ́n dé ibùdókọ̀. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ Òrè tán kí wọ́n tó yọrí síta.

“Èló ni ẹgbẹ́ àná yẹn máa gbà kí wọ́n tó lè dé Odìgbó?”

Mo ní n kò mọ̀.

“Lọ béèrè. Èmi ni n ó fún wọn ní pákó, èyí tó gbẹ.”