Ta Ni Ó Se Àtè?

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá a máa sọ pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n inú ilé-iṣẹ́ igi kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ni ó ti yé mi.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, olùkọ́ wa ní kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí ó wá láti Gánà ṣe tábìlì kékeré kan, èyí tí a ó gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. A kò gbọdọ̀ fi ìṣó kàn án. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni, ọ̀pá ìdábùú mẹ́rin, oríkèé mẹ́jọ. Ọ̀rẹ́ mi gbẹ́ ihò sí ara àwọn ẹsẹ̀. Èmi gbẹ́ ahọ́n sí ẹnu àwọn ọ̀pá, èyí tí yóò wọ inú ihò. Èmi náà ni mo gbà láti se àtè, nítorí pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni baba mi, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi.

Awọ àti egungun ẹran ni a fi ń ṣe àtè náà. A ó rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, a ó wá gbé ìkòkò rẹ̀ sínú ìkòkò omi mìíràn lórí iná, kí ó lè yọ́ ní ìwọ̀n ooru 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá hó, agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lọ nìyẹn. Olùkọ́ wa ti sọ èyí fún wa. Ṣùgbọ́n òtútù òwúrọ̀ ọjọ́ náà pọ̀, mo sì ń kánjú. Mo gbé ìkòkò àtè ka orí iná gan-an. Ó hó, ó ń rùn, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Jẹ́ kí a kọ́kọ́ tò ó pọ̀ láìfi àtè sí i, kí a wò ó bóyá ó bá ara mu." Mo ní kò sí àyè fún ìyẹn. Mo da àtè kún inú ihò bí ẹni tí ń da òróró sínú àtùpà. Èmi kò rántí pé àtè tí ó kún ihò kò ní ibi tí yóò sá sí nígbà tí ahọ́n bá ń wọlé. Ahọ́n kejì kọ̀, kò wọlé dé ìsàlẹ̀. Mo fi òòlù onígi lù ú, ẹsẹ̀ tábìlì sì là. Kí a tó dé orí oríkèé kẹfà, òtútù ara igi ti mú kí àtè dì. Mo wá mú kíráǹpù, irin tí a fi ń fún igi mọ́ra, mo fi gbogbo agbára mi fún un, bí ẹni pé ipá lè san gbèsè ìkánjú. Èmi kò tilẹ̀ wọn tábìlì láti igun dé igun, èyí tí ì bá fi hàn mí pé ó ti wọ́.

Ní ọjọ́ kejì, bí olùkọ́ wa ti gbé tábìlì sókè, ẹsẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ ní ojú gbogbo kíláàsì. Wọ́n béèrè ohun tí ó fà á. Mo yára dáhùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ihò tí ó gbẹ́ ni ó tóbi jù." Ọ̀rẹ́ mi wò mí, kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Olùkọ́ mú ahọ́n, wọ́n fi sínú ihò: ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Wọ́n gbé ìkòkò àtè, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wá béèrè ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Ta ni ó se àtè?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo jẹ́wọ́. Ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kọ́ ni ó dùn mí jù, bí kò ṣe pé ẹni tí ó jìnnà sí ilé rẹ̀, tí kò ní ìbátan níbẹ̀ ju èmi lọ, ni mo fẹ́ fi bo ìtìjú mi.

Ní alẹ́, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Tètè dé lọ́la, kí o sì gbé omi kaná."

Oore kan wà lára àtè awọ: omi gbígbóná a máa tú u. A fi àkísà tí a rì bọ omi gbígbóná wé àwọn oríkèé tí ó kù títí wọ́n fi tú. A fọ àtè àtijọ́ kúrò, a sì jẹ́ kí igi gbẹ. Lẹ́yìn náà a fi àtè tuntun dí ojú ibi tí ó là, a sì fún un mọ́ra di ọjọ́ kejì. Nígbà yìí a kọ́kọ́ tò ó pọ̀ láìfi àtè sí i. A fi ẹfun sàmì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. A yá igi nínú iná díẹ̀. A fi àtè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa ihò àti ahọ́n, a tètè tì wọ́n wọlé, a sì wọ̀n ọ́n láti igun dé igun títí méjèèjì fi dọ́gba. A nu èyí tí ó yọ síta, nítorí pé pọ́líìṣì kì í mú ibi tí àtè bá gbẹ sí.

Orí tábìlì yìí ni mo gbé ìwé mi lé ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ́ni. Ọmọ kan ṣe ìṣirò tí kò gbà. Ọ̀rọ̀ líle ti dé ẹnu mi kí ojú mi tó bọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ tábìlì ti là. Mo yíjú wo pátákó: èmi ni mo ṣi ìṣirò náà kọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí iṣẹ́ ọmọ yín bá tú, kí ẹ tó bá a wí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ta ni ó se àtè?