Ìgbápálé Mọ́tò Kọ́ Mi Lọ́gbọ́n

Ẹ̀yin òǹkàwé, bó bá wù yín, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bíi tèmi.

Mọ́tò kan ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ní Ìlaròó, Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó lọ́dún 1975. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn. Ibi tí èèyàn ń gbé apá lé lára ilẹ̀kùn iwájú, lápá ọ̀tún, ló bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ibẹ̀ náà la ń dì mú tí a bá fẹ́ fa ilẹ̀kùn dé.

Màmá mi sọ fún mi lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kejì: "Ọmọ mi, nǹkan yìí fẹ́ já o." Mo ní, "Màmá, ẹ fìyẹn sílẹ̀ jàre. Ṣé òun ló ń wa mọ́tò ni?" Nígbà tí ẹjọ́ náà pọ̀ jù, mo ra gúlù, mo fi lẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ gbọningbọnin, mo sì ń yangàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìdí-Ìrókò. A gba Owódé, a débẹ̀ láyọ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń kí àwọn èèyàn kiri. Màmá fẹ́ dìde nínú ọkọ̀, wọ́n gbára lé ìgbápálé náà, ló bá já mọ́ wọn lọ́wọ́. Gbì! Wọ́n fi ọrùn ọwọ́ balẹ̀, egungun sì ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn ò fi lè bu òkèlè. Èmi ni mo ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ, ojú ń tì mí.

Mẹkáníìkì tó tú ilẹ̀kùn náà bú mi dáadáa. Ó ní tí gúlù bá ti gbẹ, ṣe ló ń gan; bí a bá fà á gidi, á sán. Síkúrúù ló ń di ìgbápálé mú mọ́ irin ilẹ̀kùn, ihò rẹ̀ sì ti dógùn-ún, ó ti fẹ̀. Ó fi sáńpépà ha á, ó fi irin pẹlẹbẹ sẹ́yìn ihò náà, ó fi wáṣà sí i, ó wá fi síkúrúù tó sanra díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ dè é. Ó kìlọ̀ pé ká má lo èyí tó gùn jù, torí inú ilẹ̀kùn yẹn náà ni gíláàsì fèrèsé ń sọ̀ kalẹ̀ sí, síkúrúù gígùn lè fọ́ ọ. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju wákàtí kan lọ. Wákàtí kan péré!

Mo gbé mọ́tò délé, mo ní kí Màmá wá wò ó bó ṣe le tó. Wọ́n wo ìgbápálé, wọ́n wò mí. Wọ́n ní: "Ó dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, kí o tó máa kí èèyàn kiri, kọ́kọ́ wá fà mí lọ́wọ́ dìde." N ò lè fèsì.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ lọ fọwọ́ mi tiyín wò lónìí. Bó bá ń mì, ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dè é. Bí àgbàlagbà bá sì wà nínú ọkọ̀ yín, apá yín ni kí ẹ fún wọn gbára lé.