Bátìrì fóònù wa àti ọ̀rọ̀ 2G, 3G, 4G, 5G: ohun tí ojú wa rí ní Ìdímù

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbàkígbà tí iná bá ti di ọ̀wọ́n, ìmọ̀ràn kan máa ń jáde lórí TL: "Lọ sí Settings, yí nẹ́tíwọọ̀kì ẹ sí 3G, bátìrì ẹ á pẹ́." Ẹlòmíì á ní 2G ni. Ẹlòmíì á ní "LTE only" ni àṣírí ẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé. Ìdímù ni mò ń gbé. Mo ti rí ibi tí ìmọ̀ràn yìí ti ran èèyàn lọ́wọ́, mo sì ti rí ibi tó ti kó bá èèyàn. Thread yìí máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀.

2/ Ìdí tó fi kan gbogbo wa: fóònù kì í ṣe nǹkan ìpè nìkan mọ́. Òun ni báǹkì, òun ni tọ́ọ̀ṣì, òun la fi ń ṣe transfer fún oníkẹ̀kẹ́ tí owó ò bá sí lápò. Tó bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ ní Ìkọ̀tún láago mẹ́jọ alẹ́, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn wálé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ẹ ní sùúrù fún wa. Àwa tí tiwa jẹ́ wákàtí 12, 8 tàbí 4 lórí ìwé là ń bá wí.

3/ Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tá à ń sọ. GSM, ìyẹn 2G, wọ Nàìjíríà ní 2001. NCC ta ìwé àṣẹ 3G ní 2007. 4G tẹ̀lé e. Ní oṣù Kejìlá 2021, wọ́n gbé 5G síta fún títà, MTN àti Mafab gbà á ní mílíọ̀nù 273.6 dọ́là ẹnìkọ̀ọ̀kan, MTN sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2022. Èyí tuntun ò lé èyí àtijọ́ jáde o. Fóònù kan ṣoṣo tó wà lápò ẹ ló ń bá gbogbo wọn ṣe, ó sì ní láti máa yan èyí tó máa lò nígbà gbogbo.

4/ Àwọn ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé Nokia 3310 àwọn máa ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìgbé e sí iná. Òótọ́ ni. Bátìrì ẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi 900 mAh lọ. Android tá à ń rà báyìí máa ń ní 5000 mAh, síbẹ̀ ó lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú fóònù tó tóbi, tó ń tàn yòò, ló kọ́kọ́ ń jẹ iná. Èyí tá ò rí lójú ni rédíò inú ẹ̀, ìyẹn nǹkan tó fi ń bá òpó nẹ́tíwọọ̀kì sọ̀rọ̀.

5/ Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ká ní ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ wà nínú ọjà Ìkọ̀tún. Tó bá dúró tì ẹ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lo máa sọ̀rọ̀. Tó bá wà ní òdìkejì títì, wàá pariwo. Bí fóònù ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Tí òpó bá wà nítòsí, ohùn ẹ̀ á rẹlẹ̀. Tó bá jìnnà tàbí tí ògiri dí i, fóònù á gbé ohùn sókè. Ẹni tó bá sì ń pariwo látàárọ̀, kò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́.

6/ Àwọn tó fẹ́ràn nọ́ńbà: fóònù 4G kì í sábà pariwo ju 0.2 watt lọ. Ti 2G lè dé watt 2. Àmọ́ ẹ má tíì sọ pé 2G ń jẹ ìlọ́po 10. Tẹ́ ẹ bá ń pe èèyàn lórí 2G, fóònù ń sọ̀rọ̀ fún ìdá kan nínú mẹ́jọ àkókò, ó sì ń dákẹ́ nínú èyí tó kù. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè "èwo ló ń jẹ bátìrì jù?" ò fi ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ó kù síbi tó o dúró sí, àti ohun tó ò ń fi fóònù ṣe.

7/ Ní ti ibi tó o dúró sí: màmá mi ń ta prófíṣọ̀n nínú kọ̀ǹténà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Council. Ẹ mọ irú kọ̀ǹténà yẹn. Irin lókè, irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin lẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà nìkan ló ṣí. Lọ́dún tó kọjá, fóònù wọn máa ń kú ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Wọn kì í wo fídíò, wọn kì í ta géèmù. WhatsApp àti alert báǹkì nìkan ni wọ́n ń lò ó fún.

8/ Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ọjà. Oníbàárà á gbé ìndómì páálí kan, á ní òun ti ṣe transfer, á na fóònù tiẹ̀ síwájú: "Mà, ẹ wò ó, ó ti wọlé." Fóònù màmá ti kú. Tí wọ́n bá ní kó dúró, á fi ọjà sílẹ̀, á bínú lọ. Tí wọ́n bá ní kó máa lọ, ó lè jẹ́ alert ayédèrú. Wọ́n gba ayédèrú lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kan. Èrè ọjọ́ mélòó kan bá a lọ.

9/ Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní bátìrì ló ti bàjẹ́. Wọ́n ra tuntun. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ó padà síbi tó wà. Ni wọ́n bá pè mí: "Ìwọ tó ò ń tẹ fóònù tọ̀sán-tòru, wá wo èyí fún mi. Àbí wọ́n ń fa iná inú ẹ̀ ni?" Mo ní, "Ẹ gbé e fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò, Mà."

10/ Ẹ̀yin náà lè ṣe ohun tí mo ṣe lórí Android. Ẹ lọ sí Settings, About phone, SIM status, ẹ wá Signal strength. Nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú lẹ máa rí. Bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe dáa tó. Ní ẹ̀yìn kọ̀ǹténà, níbi tí wọ́n máa ń gbé fóònù sí, -113 ni mo bá. Lẹ́nu ọ̀nà, -93. Ó lè dà bíi pé ìyàtọ̀ ò pọ̀, àmọ́ nínú ìṣirò yìí, ìyàtọ̀ 20 túmọ̀ sí pé agbára tó ń wọlé fi ìlọ́po 100 ju ara wọn lọ. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín ibi méjèèjì.

11/ Mo tún rí i pé nínú lọ́hùn-ún, fóònù ń fò láti 4G bọ́ sí 3G, á tún padà sí 4G. Gbogbo ìfò yẹn, ìwákiri ni, ìwákiri sì ń jẹ bátìrì. 3G tiẹ̀ dúró dáadáa níbẹ̀, kò ṣí nídìí. Alert báǹkì àti WhatsApp ò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà mo yà wọ́n sọ́tọ̀ dán wò: ọjọ́ mẹ́ta lórí 3G lẹ́yìn kọ̀ǹténà, ọjọ́ mẹ́ta lórí 4G lẹ́nu ọ̀nà. Méjèèjì dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ló borí. Ní báyìí wọ́n fi okùn gbé fóònù kọ́ ọrùn, wọ́n sì gbé àga wọn síwájú. Ó sábà máa ń bá wọn dé ìgbà tí wọ́n bá ti ìsọ̀.

12/ Nítorí náà, 3G ran èèyàn lọ́wọ́ níbi tí 4G ò ti rí ẹsẹ̀ fìdí múlẹ̀. Àmọ́ ká ní 4G ẹ dúró dáadáa, o wá sá lọ sí 2G torí bátìrì ńkọ́? Ká ní o fẹ́ kó àpò sìmẹ́ǹtì 20 láti Ẹ̀gbẹ́dá wá sí Ìdímù. Ọkọ̀ akẹ́rù á jẹ epo, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ló máa lọ, á sì paná. Ọ̀kadà ò jẹ epo púpọ̀, ṣùgbọ́n á lọ á bọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fídíò tí 4G máa wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, 2G á wà lórí ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, rédíò ò ní sinmi, ojú fóònù náà á sì máa tàn bó o ṣe ń dúró. 2G dáa fún ẹni tó kàn ń retí ìpè. Kò dáa fún ẹni tó ń yí TikTok.

13/ Nǹkan míì tí wọn kì í sọ: tí fóònù bá rán ìsọfúnni tán, rédíò ẹ̀ kì í sùn lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, bóyá nǹkan míì ń bọ̀. Ó dà bíi dánfó tó dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù Ìdímù tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ ò kú, tí kọ̀ńdọ́ ń pe èrò. Ápù 30 tó ń yọ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan látẹ̀yìn ò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yẹn kú láé. Tó o bá dí mẹ́wàá tó ò lò lọ́nà, ó lè ṣe ẹ́ láǹfààní ju kó o yí nẹ́tíwọọ̀kì lọ.

14/ Ní ti 5G: ọ̀pọ̀ 5G tó wà láyé, orí 4G ni wọ́n kọ́ ọ lé, fóònù sì ní láti di méjèèjì mú pọ̀. 5G tiwa ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ lórí ìgbì 3.5GHz, irú ìgbì tó ga bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn láti wọ ògiri búlọ́ọ̀kù. Tó bá ń yọ, tó ń wọ̀ nínú yàrá ẹ, fi fóònù sí 4G. Apple gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, láti iPhone 12 ní 2020 ni wọ́n ti fi "5G Auto" sí i, kó máa padà sí 4G nígbà tí 5G ò bá mú ìyàtọ̀ gidi wá.

15/ SIM méjì ńkọ́? Tí ọ̀kan ò bá rí nẹ́tíwọọ̀kì ní àdúgbò ẹ, kò ní jókòó jẹ́ẹ́. Á máa wá a kiri, bátìrì kan náà ni wọ́n sì jọ ń jẹ. Pa á títí o fi máa nílò ẹ̀.

16/ Èyí tó dùn mí jù rèé. Tí iná bá lọ, òpó nẹ́tíwọọ̀kì náà máa ń bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì tiẹ̀. Tí ìyẹn náà bá tán, fóònù gbogbo àdúgbò á máa wá òpó tó jìnnà, wọ́n á máa pariwo. Lákòókò kan náà, Wi-Fi ilé ti kú, gbogbo èèyàn ti bọ́ sórí dátà. Ìgbà tá ò ní ibi tá a máa gbé fóònù sí iná gan-an ni fóònù ń jẹ bátìrì jù. Tó bá ń ṣe ẹ́ bíi pé fóònù ẹ ń mọ̀ ọ́n mọ̀ bínú sí ẹ nígbà tí iná bá lọ, ojú ẹ ò tàn ẹ́.

17/ Ó wá ku "LTE only". Àbúrò mi obìnrin parí Poly, ó ń retí ìpè fún iṣẹ́. Ó rí fídíò kan: tẹ *#*#4636#*#*, yan "LTE only", bátìrì á pẹ́. Ó ṣe é. Bátìrì pẹ́ lóòótọ́, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń sáré. Ọjọ́ mẹ́rin, kò sí ẹni tó pè é. Àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò rí i bá sọ̀rọ̀. Ìgbà tó fi máa rí ímeèlì wọn, wọ́n ti fún ẹlòmíì.

18/ Ohun tó fà á: 4G fúnra ẹ̀, dátà ló ń gbé. Kó tó gbé ìpè, fóònù ẹ àti láìnì ẹ gbọ́dọ̀ ní VoLTE. Tí kò bá sí, tí ìpè bá ń bọ̀, fóònù máa ń sáré bọ́ sílẹ̀ sí 3G tàbí 2G lọ gbà á. "LTE only" ti ilẹ̀kùn yẹn pa. WhatsApp ń wọlé, nítorí náà kò sí ohun tó máa jẹ́ kó fura. USSD báǹkì náà sábà máa ń kọ̀ nírú ipò yẹn.

19/ Ibi tí fídíò yẹn ti wá ni kẹ́ ẹ wò. Ní Amẹ́ríkà, AT&T ti pa 3G tiwọn ní oṣù Kejì 2022. Ní ìlú Ọba, Vodafone àti EE pa tiwọn ní 2024. Lọ́hùn-ún, VoLTE ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pe ara wọn, "LTE only" ò sì sábà ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Níbí, 2G àti 3G ṣì ń gbé ìpè ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìmọ̀ràn tó bá ilé oníle mu lè má bá tiwa mu.

20/ Nítorí náà, ohun tí mo máa sọ fún ọ̀rẹ́ mi:
– Kọ́kọ́ wo Signal strength níbi tó o máa ń jókòó sí. Tó bá burú, sún sí fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà kó o tó fọwọ́ kan Settings.
– Tí 4G bá dúró, fi sílẹ̀ síbẹ̀. Tó bá ń fò, yan 3G fún ìgbà tó o bá wà níbẹ̀.
– Tí 5G ò bá dúró, pa á.
– Wi-Fi tó dáa máa ń jẹ bátìrì dín ju dátà lọ.
– Níbi tí kò bá sí nẹ́tíwọọ̀kì rárá, Airplane mode.
– Má ṣe yan "only" kankan láìjẹ́ pé o ní kí ẹnì kan pè ẹ́ lẹ́yìn náà, kó o rí i pé ó wọlé.

21/ Ẹni tó ní màmá, àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń tajà nínú kọ̀ǹténà, ẹ bá mi lọ wo fóònù wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò ní gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìgàndó, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìṣẹ̀rì, ẹ kọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí nínú yàrá yín sábẹ́ ibí. Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí fóònù ẹ̀ ń pariwo jù ní Alimosho.